Ta Ló Gbé Igi Ìdènà Etí Odò?

Ní àràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ariwo ló máa ń sọ níwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Sípánà. Ìdí odi ìlú àtijọ́ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, níbi tí àwọn àlejò ti máa ń dúró ya fọ́tò. Ibẹ̀ ni àwọn agunkẹ̀kẹ́ ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kí wọ́n tó kọrí sí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ tó gba etí odò lọ. Ọ̀nà ọlọ́dà kò wù wọ́n. Wọ́n ní orí òkúta ni kẹ̀kẹ́ ti ń dùn ún gùn.

Ìyá Sípánà kò bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Sípánà o. Irin iṣẹ́ tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láti ìgbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, àwọn mẹ́fà ló wá. Tíṣà ni olórí wọn, òun ló fi fóònù ya máàpù ọ̀nà náà tó sì ń pín in fún èèyàn. Télọ̀ ló máa ń kẹ́yìn, nítorí ikùn rẹ̀ kì í jẹ́ kó lè sáré.

"Màmá, ẹ bá mi wo ṣéènì yìí, ó kàn ń já bọ́ ni," ni Oníbúrẹ́dì, ọ̀kan nínú wọn, wí.

"Ìgbà wo lo fi òróró sí i gbẹ̀yìn? Búrẹ́dì rẹ ń mu bọ́tà yó, òùngbẹ ń pa kẹ̀kẹ́ rẹ kú lọ!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí àwọn máa lọ, Oníbúrẹ́dì á bá àwọn lọ́nà.

"Ẹ dúró ná," ni Ìyá Sípánà wí. "Ṣé ibi tí wọ́n dí yẹn lẹ tún fẹ́ gbà?"

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni odò kún. Nígbà tí omi fà, àwọn òṣìṣẹ́ odò gbé igi ìdènà sí kọ́nà kan lọ́nà náà, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá," ni Tíṣà dáhùn. "Ilẹ̀ ibẹ̀ le koko. A máa ń gbé igi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ó kọjá, ẹni tó bá kẹ́yìn á sì dá a padà. Òfin ẹgbẹ́ wa nìyẹn."

"Ẹ̀yin olófin ayé! Ẹ lọ, kẹ́ ẹ tètè dé." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí táyà tó kù.

Télọ̀ ti ń lọ kó tó yíjú padà. "Màmá, ṣé Oníbúrẹ́dì ń bọ̀ lẹ́yìn mi?"

"Ó ń bọ̀. Ìwọ ṣáà máa lọ."

Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ṣéènì Oníbúrẹ́dì já pátápátá. Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Kò sẹ́ni tó pe Télọ̀ láti sọ fún un. Nígbà tí Télọ̀ dé ibi ìdènà, ó rí igi tí àwọn tó wà níwájú ti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó rò pé ó ń bọ̀.

Ẹni tó wá gba ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì, àbúrò Ìyá Sípánà, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìgbà tó bá parí iṣẹ́ láàárọ̀, ọ̀nà etí odò ló máa ń gun kẹ̀kẹ́ gbà lọ sílé, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ méjì ni ìdènà náà ti ń mú un gba orí afárá yí ká. Lọ́jọ́ yẹn, ó rí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé wọ́n ti tún un ṣe. Ó wo iwájú, òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ bó ṣe máa ń tẹ́. Táyà iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kọ́nà náà ni ilẹ̀ bá já lọ lábẹ́ rẹ̀, tòun ti kẹ̀kẹ́ ló sì bọ́ sódò.

Ogójì ìṣẹ́jú ló fi di gbòǹgbò igi mú, tí omi mù ún dé àyà. Ẹ̀ṣọ́ Odò, bàbá tó ń yẹ bèbè odò wò lójoojúmọ́, ló gbọ́ igbe rẹ̀ tó fà á jáde.

Ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, dókítà sọ fún Ìyá Sípánà pé itan àbúrò rẹ̀ ti kán sí méjì. Ó ní àwọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé yóò tún rìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Omijé kò jáde lójú Ìyá Sípánà. Ìbínú ló gba gbogbo ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ wọlé pẹ̀lú akoto lọ́wọ́, ó dìde sí wọn bí ẹni tó fẹ́ jà.

"Ta ló kẹ́yìn nínú yín? Ẹ dá mi lóhùn! Ta lẹni tó fi igi yẹn sílẹ̀ fún àbúrò mi kó lọ kú?"

Gbogbo ojú yí sí Télọ̀.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Oníbúrẹ́dì ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bá Ìyá Sípánà níbi tí kò rò. Oníbúrẹ́dì ní ṣéènì òun ló já, kì í ṣe ẹ̀bi òun. Ẹnìkan ní ó yẹ kó pe Télọ̀. Ẹlòmíràn ní Télọ̀ ni kò lè sáré. Bí wọ́n ṣe ń jù ú síra wọn lọ́wọ́ nìyẹn, nínú ilé ìwòsàn!

"Ẹ panu mọ́!" Ẹ̀ṣọ́ Odò ló jágbe bẹ́ẹ̀ látorí bẹ́ǹṣì, ẹrẹ̀ ṣì wà ní bàtà rẹ̀ dé orúnkún. "Ẹ̀ ń wá ẹni tó kẹ́yìn. Èmi ò wá ẹni tó kẹ́yìn o. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé igi yẹn ni mò ń wá. Ta ni?"

Tíṣà tẹrí ba. "Èmi ni. Ṣùgbọ́n, bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti gba ibẹ̀ lẹ́yìn tí omi fà, nǹkan kan ò ṣe wá."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Tẹ́ ẹ tún ń fi yangàn! Omi tó bá kún kì í jẹ ilẹ̀ látòkè, abẹ́ ló ti ń jẹ ẹ́. Bó bá fà, ojú ilẹ̀ á kù lókè bí èèpo búrẹ́dì tí eku ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ojú lásán ò fi í hàn mí. Irin gígùn la fi ń gún un wò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tẹ́ ẹ gbà á yẹn, ẹ̀yin lẹ tún bá omi mú kí ilẹ̀ náà dẹ̀ sí i tó fi já lábẹ́ ọmọ ọlọ́mọ."

"A máa ń dá a padà, bàbá," ni Télọ̀ wí.

"Ẹ̀ ń dá kí ni padà? Ìdènà lẹ sọ di ilẹ̀kùn, ẹ wá ń jà lórí ẹni tí kò tì í! Tíṣà, èèyàn mélòó ló ti gba máàpù yẹn lọ́wọ́ rẹ?"

Tíṣà wo fóònù rẹ̀. "Wọ́n lé ní igba."

"Kí omi tó kún lo yà á. Odò ti jẹ ọ̀nà náà, máàpù rẹ ò mọ̀. Igba èèyàn lo júwe ikú fún yẹn. Pa á rẹ́, kí o sì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lónìí."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá Sípánà jókòó. Ìbínú rẹ̀ kò rọlẹ̀ o, ó kàn ń bu òun náà jẹ ni. Ó mọ̀ pé wọ́n ń gbé igi náà, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì tún fẹ́ atẹ́gùn sí táyà wọn. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

"Bàbá, kí ló yẹ ká ṣe?" ló béèrè.

"Kẹ́ ẹ yí padà. Kò sí nǹkan mìíràn. Afárá wà lọ́hùn-ún, ogún ìṣẹ́jú péré ló máa fi kún ìrìn yín. Bẹ́ ẹ bá rí igi ìdènà tó ṣubú tàbí tí wọ́n gbé kúrò, ẹ má rò pé ọ̀nà ti là. Ẹ gbé e dúró, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà tó wà lára pátákó. Àwa la máa sọ fún yín nígbà tó bá ṣeé gbà."

Ní ìrọ̀lẹ́, Nọ́ọ̀sì lajú. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Mo wò ó dáadáa kí n tó gbà á. Ilẹ̀ ni mo rí."

Ibẹ̀ ni omijé tí Ìyá Sípánà ti ń dì mọ́ra láti òwúrọ̀ ti já.

Ẹ̀yin èèyàn wa, oṣù mẹ́ta nìyẹn, ọ̀pá ni Nọ́ọ̀sì fi ń rìn títí di bá a ṣe ń wí yìí. Ẹ jẹ́ kó bí yín nínú, kẹ́ ẹ sì lo ìbínú náà síbi tó yẹ. Bí odò bá ti kún, ẹ jìnnà sí bèbè rẹ̀ títí àwọn tó mọ̀ ọ́n á fi ní ó yá. Máàpù tẹ́ ẹ yà kí omi tó kún, ẹ má pín in mọ́. Bí ọ̀rẹ́ yín bá fẹ́ gbé igi ìdènà, ẹ má bá a rẹ́rìn-ín, ẹ dá a lẹ́kun lójú gbogbo ayé. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè gbé e tí ẹ óò fi mọ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín.