Mọ́tò Adéyanjú Gba Àdúrà, Kò Gba Àyẹ̀wò

Bí wọ́n bá ní ọwọ́ ẹnìkan mọ iṣẹ́ ní Ìbàfò, Adéyanjú ni wọ́n ń bá wí. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni, ọmọ Ìkirè tó wá jẹun lẹ́bàá títì márosẹ̀. Mọ́tò tí ẹlòmíràn ti sunkún lé lórí, òun a lù ú, a jó o, a fi ọ̀dà tuntun bò ó, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò ní dá a mọ̀ mọ́.

Lọ́dún 2006, ó ra Níísàn kan tó ti takìtì lójú títì. Iwájú rẹ̀ ti rún wómúwómú. Adéyanjú wá iwájú Níísàn mìíràn tòun ti ẹ́ńjìnnì, ó jó o mọ́ ẹ̀yìn tèyí, ó sì kùn ún ní àwọ̀ ewé. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tà á. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìbíwùnmí, tó ń ránṣọ ní Mowe, ló ṣe é fún. Ó ti sú u láti máa rí ọmọ ìyá rẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú ẹrù aṣọ oníbàárà.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mọ́tò náà jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ ò gbèrò. Pásítọ̀ ta òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Alhaji tó ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́wọ́, ó ṣe àdúrà tirẹ̀. Ìbíwùnmí ń fi etí ìró nu gíláàsì tí kò dọ̀tí.

Màdáàmù Stella wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Arepo ló ń gbé, ó wá gba mọ́tò tirẹ̀ tí Adéyanjú bá a tún ṣe. Òṣìṣẹ́ ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ mọ́tò wò, tí gbogbo ayé ń pè ní VIO.

“Ẹ kú oríire o, ọ̀gá,” ló wí. “Ṣé ẹ ti gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò?”

Adéyanjú rẹ́rìn-ín. “Màdáàmù, no shaking. Èmi tí mo jó o, ta ló tún fẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ?”

“Ọ̀gá, bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.”

“Tèmi ti gbẹ́ ẹ!”

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Stella náà rẹ́rìn-ín, ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀rín yẹn ń dun Adéyanjú títí di òní.

Ìwé mọ́tò náà ńkọ́? Orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀, àwọ̀ funfun ni wọ́n sì kọ sí i. “Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó lọ yí i padà,” ni Adéyanjú máa ń wí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí kò dé láéláé.

Mọ́tò náà sì ń fà sí ọ̀tún díẹ̀. Nígbà tí Ìbíwùnmí sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ọmọ tuntun ni, ó ń kọ́ ìrìn ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀ máa tó ranlẹ̀.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìbíwùnmí fẹ́ gbé aṣọ ìyàwó lọ fún oníbàárà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì wa mọ́tò. Nítòsí Mowe, táyà iwájú bọ́ sí kòtò. Ojú ibi tí Adéyanjú jó pọ̀ ya. Sitiárì kọ̀, mọ́tò wọ gọ́tà, irin iwájú sì tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìbíwùnmí mọ́lẹ̀. Adéyanjú kàn fi apá ha ni. Ì bá wù ú kó jẹ́ òun ni irin náà tẹ̀.

Àwọn onínṣọ́ránsì ní mọ́tò inú ìwé kọ́ ni mọ́tò inú gọ́tà, wọn ò sì san kọ́bọ̀.

Stella wá kí wọn ní ọsibítù. Kò bú Adéyanjú rárá. Ìyẹn gan-an ló pa á lẹ́kún.

“Màdáàmù, kí ni ǹ bá ti ṣe?”

“Kí mọ́tò náà tó tẹ títì, ẹ ò bá jẹ́ kí wọ́n fà á wá bá wa,” ni Stella wí pẹ̀lẹ́. “Ẹ ò bá mú rìsíìtì dání, ti mọ́tò àti ti iwájú tí ẹ rà. A ó wo abẹ́ rẹ̀, ojú ibi tí ẹ jó, bíréèkì àti sitiárì. Bí kò bá dáa, a ó ní kí ẹ tún un ṣe. Bó bá dáa, ẹ ó gbàwé pé ó yẹ lójú títì. Lẹ́yìn náà, ẹ ó lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́nsì, kí wọ́n kọ orúkọ tuntun, àwọ̀ tuntun àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun.”

“Ṣé ẹ ò bá ti rí ibi tó máa ya?”

Stella wolẹ̀. “À bá rí i. Ó yẹ kí n tẹnu mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín.”

Ẹsẹ̀ Ìbíwùnmí jinná, ṣùgbọ́n kò lè fi tẹ máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ mọ́. Adéyanjú bá fi irin ṣe ọwọ́ tí a fi ń yí máṣíìnì, ó jó o dáadáa, ó gbé e lọ sí Mowe, ó sì dè é mọ́ ọn. Àbúrò rẹ̀ fọwọ́ pa ojú ibi tó jó.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹlòmíì ti bá yín wò ó?”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Adéyanjú tú irin náà, ó gbé e lọ bá jórinjórin kan ní òdìkejì títì, ó sì dúró tì í títí ọkùnrin náà fi yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Ẹ̀yin ará Ìbàfò, Mowe, Ifọ̀ àti Àgbàdo, ọ̀dà tó ń dán kò sọ ohun tó wà lábẹ́ mọ́tò. Ẹni tó bá tún mọ́tò tó ti jàǹbá ṣe, kó má fojú ara rẹ̀ nìkan yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà á, kó bèèrè ohun tó ṣe é rí, kó wò ó bóyá ìwé bá àwọ̀ àti ẹ́ńjìnnì mu, kó tó fi ẹbí rẹ̀ sínú ẹ̀. Ẹ máa gbàdúrà sí mọ́tò yín, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣe àmín tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á lọ fún àyẹ̀wò.