Ògiri Tó Ń Dún bí Agolo Òfìfo

Birikilà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Dánmọ́rán. Ògiri ìta ilé ló ń fi simẹ́ńtì rẹ́. Bó bá dé ilé oníbàárà, yóò fi ìdí irin ìrẹ́lé rẹ̀ kan ògiri, yóò tẹ́tí. Bó bá dún gbì, simẹ́ńtì ṣì di ògiri mú. Bó bá dún bí agolo òfìfo, omi ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká ha á kúrò," ni yóò wí, "ká rẹ́ ẹ lákọ̀tun."

Ilé tirẹ̀ ló dán jù ládùúgbò. Lábẹ́ ògiri iwájú ni ìyá rẹ̀ máa ń yá oòrùn láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó rí i pé ògiri náà lanu, kò ju ìbú irun orí lọ. Ó kàn án. Ó dún bí agolo òfìfo. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kí ni aládùúgbò yóò wí bí wọ́n bá rí i tó ń ha ògiri ara rẹ̀? Ó fi simẹ́ńtì dí i, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, akunlé tó jẹ́ onígbàgbọ́, pé kó wá fi ọ̀dà kùn ún.

"Ọ̀gá, ọ̀dà kì í gbé ògiri ró," akunlé wí. "Èmi tí mò ń fi í jẹun ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kùn ún, jàre. Lọ́la, wàá tún ní kí n wá gba Jésù. Mi ò jalè, mi ò mutí. Kí ni Jésù fẹ́ tún ṣe lára mi?"

"Ògiri tó dán náà ń gbomi sẹ́yìn, Ọ̀gá," akunlé wí, ó sì kùn ún.

Òjò mẹ́ta rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ràn, abala ògiri náà ya lulẹ̀, ó já lé ìyá rẹ̀ tó ń yá oòrùn lábẹ́ rẹ̀ lórí àti léjìká.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá kò fi lajú nílé ìwòsàn. Ọ̀gá jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Ọwọ́ tó ń sọ ògiri di dígí kò rí nǹkan kan ṣe sí eegun tó fọ́.

"Kí ni mo lè fi dí èyí?" ó bi akunlé.

"Kò sí, Ọ̀gá. Ọkàn yín náà ń dún bí agolo òfìfo. Ẹ jẹ́ kí Jésù ha á kúrò, kó rẹ́ ẹ lákọ̀tun. Ẹ sọ òtítọ́ fún Un."

Ọ̀gá kúnlẹ̀ lórí simẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. "Olúwa, mo kàn án, mo gbọ́, mo sì kùn ún. Ṣàánú mi."

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá lajú. Ọmọ fi omijé jẹ́wọ́ fún un.

"Mo mọ̀," ìyá wí. "Inú yàrá ni mo wà, mò ń gbọ́ ọ bó o ṣe ń kàn án. Mo ní ọmọ mi mọṣẹ́, yóò ti tún un ṣe; ìdí nìyẹn tí mo fi ń jókòó síbẹ̀."

Ọwọ́ ìyá náà kò gbé sókè mọ́ títí di òní. Ọmọ rẹ̀ ló ń wọ aṣọ fún un láràárọ̀. Ọlọ́run dárí jì í, ìyá pẹ̀lú dárí jì í, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá kò gbé sókè.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, o ti kan ọkàn rẹ rí, o sì mọ bó ṣe dún. Ọlọ́run náà gbọ́ ọ. Má dúró de òjò kẹta. Níbi tí o wà yìí, kó o tó pa ìwé yìí dé, sọ fún Jésù pé: "Mo kan ọkàn mi, mo gbọ́ bó ṣe dún. Ṣàánú mi, ha á kúrò, kó O sì sọ mí di ọ̀tun."