Imú Mareike

"Mareike, kí ni imú rẹ wí lónìí?"

Bí ọmọbìnrin náà ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ dé ni Burkhard, bàbá rẹ̀, bi í bẹ́ẹ̀. Láti ọdún tó kọjá tí àìsàn kan ti ṣe bàbá yìí, kò gbóòórùn ohunkóhun mọ́. Kò sì jẹ́ kí ará ìta mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún yìí ló di imú rẹ̀. Lójoojúmọ́, á sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, níbi tí omi àjàrà wọn ti ń hó díẹ̀díẹ̀ nínú òtútù láti di wáìnì funfun, á gbóòórùn àgbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, á wá jábọ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló fi ká èso àjàrà lórí òkè tó dà gẹ̀rẹ́ sí odò Mosel, ìdánwò ìṣirò sì ń bọ̀ lọ́la.

"Ó dáa, Bàámi. Ó ń ta sánsán bí ápù tútù." Kò dé ibẹ̀ rárá.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún irọ́ náà pa. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó tó sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì dé ìdí àgbá kẹrin tí òórùn ẹyin òbu fi kọlù ú. Bó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e gòkè padà.

"Bàámi, mo purọ́ fún yín. Mi ò débẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan. Àgbá kẹrin ti ń rùn."

Burkhard jókòó gbì. "Ká ní a tètè mọ̀ ni, à bá dà á sí àgbá mìíràn kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Kí ló dé tí o ò sọ pé ó rẹ̀ ọ́?"

"Ta lẹ tún ní, Bàámi?"

Bàbá dìde, ó bá a sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n sa gbogbo ipá wọn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹgbẹ̀rún lítà ni wọ́n dà nù, làálàá odindi ọdún.

Nígbà tí Ìyáàfin Oehmen, oníbàárà wọn, wá tọ́ wáìnì wò, Burkhard fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí ara rẹ̀ pé òun ò gbóòórùn mọ́, iṣẹ́ imú òun sì ti rẹ ọmọ òun.

"Imú gbọọrọ báyìí, lásán ni!" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ife láti àgbá kìíní sẹ́nu. "Èyí kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sórí òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe iṣẹ́ yìí rí. Á máa wá ràn yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ráyè sùn."

Mareike bú sẹ́kún. Ó wá yé e pé àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ tí a fi bò ó mọ́lẹ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tí ẹrù bá wúwo lórí rẹ̀, kó yáa wí, kí wọ́n lè bá a sọ̀ ọ́.