Ilẹ̀kùn Mẹ́rin Nítorí Ayàwòrán

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti dorí mi kodò."

Káfíńtà tó wà lórí àkàbà fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́. Ó wẹ̀yìn, ó rí ọ̀dọ́bìnrin kan lórí àga oníkẹ̀kẹ́, tó ń fi àgbọ̀n júwe àwòrán tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ́ ògiri. Àwòrán náà kún fún òbìrìkìtì pupa àti aláwọ̀ àlùkò tó rọ́ lu ara wọn bí òkúta inú odò.

"Ẹ má bínú," ni káfíńtà wí. "Mo wá orí rẹ̀ títí, mi ò rí i. Kí tilẹ̀ ni?"

"Iṣan itan mi ni."

Ọkùnrin náà wo àwòrán, ó wo ọmọbìnrin, ó tún wo àwòrán. "Ó dáa. Mi ò mọ̀ pé iṣan náà ní orí àti ẹsẹ̀."

Ayàwòrán bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí àjèjì ti bá a dápàárá láìkọ́kọ́ bá a kẹ́dùn.

Ilé ìwádìí ni wọ́n wà, níbi tí àwọn dókítà ti ń wá ìdí àìsàn tó ń mú iṣan ara rọ. Àìsàn náà ti wà lára ayàwòrán láti kékeré. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mú, kó tó wá máa yọ́ wọ apá. Dókítà àgbà ibẹ̀, obìnrin kan tó máa ń wá jígí ojú rẹ̀ kiri nígbà tó wà lórí rẹ̀, ti gé bíńtín lára iṣan itan rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó sì jẹ́ kí ayàwòrán wò ó nínú ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹwà ohun tó rí yà á lẹ́nu. Ó délé, ó kùn ún. Ni dókítà bá ní kí gbogbo aláìsàn tó bá ń ya àwòrán kó tiwọn wá fún àfihàn.

Ọjọ́ mẹ́ta ló yẹ kí iṣẹ́ káfíńtà gbà. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo férémù ló ní ó wọ́, gbogbo ìṣó ló ní kò dúró. Nígbà tí kò rí àwáwí mọ́, ó ní apá ayàwòrán tètè máa ń rẹ̀ ẹ́ tó bá ń kùn, òun fẹ́ ṣe ohun tí yóò máa gbé e ró. Ó kó igi, okùn àti sípíríìnì wá sílé wọn. Wọ́n dán an wò. Sípíríìnì ta, búrọ́ọ̀ṣì fò, ọ̀dà búlúù sì bà lé iwájú orí bàbá ayàwòrán, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó jẹ́jẹ́ tó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ṣé ọmọ mi lo wá ràn lọ́wọ́ ni," bàbá bi í, "àbí èmi lo wá kùn?"

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣiṣẹ́. Kò sì pẹ́ tí "ẹ" di "o" láàárín àwọn méjèèjì, tí ìfẹ́ wọn sì wá hàn sí gbogbo èèyàn.

"Àyànfẹ́ mi," ni káfíńtà wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya. Mo ti sọ fún ìyá mi."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ó họrí. "Wọ́n ní ohun rere ni. Pé ṣebí àwọn dókítà fẹ́ dán oògùn tuntun kan wò. Kó o kọ́kọ́ wọ inú ìwádìí yẹn, kí ara rẹ yá, ká tó ṣègbéyàwó."

Ayàwòrán yíjú sí i. "Bí oògùn náà ò bá wá ṣe nǹkan kan ńkọ́?"

Káfíńtà lanu. Ó pa á dé.

"Máa lọ sílé," ni ayàwòrán wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó o fẹ́ fẹ́ ò tíì dáyé. Èmi ló wà níbí."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó bínú, ó sunkún, ó kun àwòrán mẹ́ta tó burú jáì.

"Àwọn tó ń há ìṣó sẹ́nu," ni bàbá rẹ̀ fi ń tù ú nínú, "wọn kì í lè sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, káfíńtà yọ, eruku pákó bo irun rẹ̀. Bàbá dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá dáhùn ìbéèrè ni, sà."

Ó wọlé, ó lóṣòó síwájú ayàwòrán. "Ẹ̀rù ló dì mí lẹ́nu. Kì í ṣe ẹ̀rù àga yìí. Mò ń rò ó pé bí oògùn ò bá jẹ́, apá yìí náà lè lọ, mi ò sì ní lè ṣe nǹkan kan. Mo lọ bá dókítà. Wọ́n ní oògùn yẹn ò lè dá agbára tó ti lọ padà. Bóyá ó lè pa ìyókù mọ́, bóyá kò ní lè ṣe é, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Mo wá ronú ohun tí èmi lè ṣe. Mo yọ ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nílé wa. Àga rẹ ò lè gbabẹ̀ kọjá tẹ́lẹ̀. Mo ti gé ògiri, ó ti fẹ̀ dáadáa."

Kí ayàwòrán tó fèsì, ohùn obìnrin kan ta láti ìta: "Níbo ni ọmọ tó gbé ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mi lọ wà?"

Ìyá káfíńtà ni, aránṣọ tí tíépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Láti àná, orin ni mò ń kọ tí mo bá ń wẹ̀, kí àlejò má baà já lù mí!"

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni ayàwòrán wí. Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é. Ìyá wò ó, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà. Ó jókòó.

"Ọmọ mi, mo gé aṣọ fún ẹni tí mi ò tíì wọ̀n. Má bínú sí mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọ̀rọ̀ yìí á sú ọmọ mi lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè wó ilé mọ́ mi lórí nítorí obìnrin, kò jọ ẹni tí nǹkan ń tètè sú."

"Mi ò bínú mọ́, mà. Màá wọ ìwádìí náà, torí pé èmi fúnra mi fẹ́ mọ̀ ni. Kì í ṣe torí kí n lè di aya."

"Ta ló ń bá ọ jà?" ni ìyá fèsì. "Ìwọ ṣáà máa bọ̀ nílé, kó lè ṣe ilẹ̀kùn fún wa."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó níwájú akọ̀wé ìgbéyàwó. Akọ̀wé rí bí ọwọ́ ìyàwó ṣe ń gbọ̀n, ó rọra ti yíǹkì síwájú rẹ̀. "Ẹ lè tẹ̀ka, mà."

"Ayàwòrán ni mí," ni ìyàwó wí. "Màá kọ ọ́."

Ó kọ lẹ́tà kan, ó sinmi, ó kọ òmíràn.

"Ẹ má kán an lójú," ni bàbá rẹ̀ sọ fún akọ̀wé, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ tó gùn."

Lẹ́tà tó kẹ́yìn yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fa ilà gbọọrọ wọ àyè tó yẹ kí ọkọ kọ orúkọ tirẹ̀ sí.

"Ṣé kí n mú fọ́ọ̀mù mìíràn wá?" akọ̀wé bi wọ́n.

"Rárá o," ni káfíńtà wí. Ó gba bírò lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì há orúkọ tirẹ̀ sí ibi tó kù.