Òkúta Tó Dá Wà

"Frauke, o ò ní bá wa lọ ni? Àbí òkúta lo fẹ́ bá ṣọ̀rẹ́?"

Jette ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. Látìgbà tí Frauke ti dé ilé-ìwé yìí, kò tíì sẹ́ni tó pè é lọ síbì kankan, àfi lónìí. Òun nìkan ní í jẹun, òun nìkan ní í wọ bọ́ọ̀sì relé. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ìyà ọ̀hún ti sú u.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ni, ọjọ́ ìrántí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì láti dán àwọn òkúta olójú idẹ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ síwájú ilé àwọn Júù tí ìjọba Násì pa. Òkúta kan, orúkọ kan. Níbòmíràn, ti bàbá, ìyá àti ọmọ wà pọ̀. Èyí tí wọ́n pín fún Frauke dá wà: Selma Löwenhaupt, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bíi tirẹ̀.

Frauke ti kànìnkànìn bọ àpò, ó bá wọn lọ jẹ ọ̀dùnkún díńdín. Nígbà tí tíṣà bi í, ó ní, "Mo ti dán an, sà."

Nírọ̀lẹ́, gbogbo kíláàsì gbé òdòdó àti àbẹ́là káàkiri. Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkúta Selma, ìyá àgbàlagbà kan wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ìborùn rẹ̀ nu òkúta tó dúdú kirikiri.

"Àbúrò ìyá mi ni," ni ìyá náà wí. "Argentina ni mo ti wá. Gbogbo ẹbí wa rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀ sá lọ síbẹ̀, àfi Selma. Ikọ́-fée ń ṣe é, wọn ò gbà á sínú ọkọ̀. Títí ìyá mi fi kú ló ń sọ pé, 'Selma nìkan la fi síbẹ̀.'"

"Ta ni òkúta yìí kàn?" ni tíṣà bèèrè.

Jette fi ìgbọ̀nwọ́ gún Frauke. "Sọ pé òjò ló bà á jẹ́."

Frauke yíjú sí tíṣà. "Èmi ni, sà. Mi ò dán an. Irọ́ ni mo pa."

"Dìndìnrìn!" ni Jette wí, ó sì fa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ojú ti Frauke dé góńgó. Ó kúnlẹ̀, ó yọ kànìnkànìn jáde. Ìyá náà kò bá a wí. Ó kàn sún fún un díẹ̀.

"Má tètè lọ o, ọmọ mi."

"Mi ò lọ síbì kankan, mà."

Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan ló tún jẹun, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ẹgbẹ́ tó bá ní kéèyàn fi ẹni tó dá wà sílẹ̀ kò ní pẹ́ fi òun náà sílẹ̀. Kó tó wọ bọ́ọ̀sì, ó yà sọ́dọ̀ òkúta náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì pe orúkọ Selma sókè, bí ẹni ń pe ọmọ ilé.