Ohùn Tó Wá Pe Ọláníyì

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó dákẹ́ kí àwọn tó kù gbọ́. Ìpọ̀nrí ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1974, lọ́sàn-án gangan.

Inú yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí ní Ìjọra ni ilẹ̀kùn ti tì mọ́ Ọláníyì láti ìdájí. Nígbà tí Gbádé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, gbé e dé ilé ìwòsàn kékeré tí Sístà Edith ń bójú tó, ara rẹ̀ ti le gbagidi. Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sáré tẹ̀lé wọn láì wọ bàtà.

"Sístà, ó ti kú," Gbádé sọ.

Edith fi ìka tẹ ọrùn Ọláníyì, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nǹkan kan mì, díẹ̀ báyìí.

"Jẹ́ kára ẹ̀ gbóná ná. Tó bá gbóná tí ò mí, ìgbà yẹn ni kó o sọ pé ó kú."

Gbádé ti ń gbé omi gbígbóná bọ̀ láti dà á sí i lẹ́sẹ̀. Edith fi àáké kọ́rí.

"Gbé e padà. Má fọwọ́ ra á lára. Ọkàn ẹ̀ lè dáwọ́ dúró."

Wọ́n rọra bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e. Edith ní kí Àṣàkẹ́ wọ abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì náà, kó gbá ọkọ rẹ̀ mọ́ àyà.

Oòrùn ń mú níta. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Kò sí ọmọdé, kò sí rédíò.

Ẹnìkan pè láti ẹ̀yìn fèrèsé. "Bàbá Túbọ̀sún, ẹ máa bọ̀."

Ohùn Àṣàkẹ́ ni, bó ṣe máa ń fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀. Àṣàkẹ́ sì wà lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, ó pa ẹnu dé, ó ranjú.

Gbádé yọjú. "Kò séèyàn," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bàbá Túbọ̀sún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

Ètè Ọláníyì mì. Ó fẹ́ jẹ́ ẹ. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Edith fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Ẹ̀rù bà á gan-an, àmọ́ inú tó ń bí i ju ẹ̀rù lọ.

Ó kọjú sí fèrèsé. "Kò lọ síbì kankan. Èmi ni mo jẹ́ ẹ. Kí lo fẹ́?"

Òtútù kan wọlé, ó gba ara Edith kọjá. Nígbà náà ló mọ̀ pé èémí gbígbóná ń kan òun lọ́wọ́.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí," Ọláníyì sọ. Àṣàkẹ́ bú sẹ́kún.

Ọláníyì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Ṣùgbọ́n ohùn náà kò lọ. Bí Edith bá ti ń tọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ le, ohùn náà á tún dé ojú fèrèsé. Ohùn ìyá Edith tó ti kú ló ń lò báyìí.

"Edith, máa bọ̀."

Edith kì í wẹ̀yìn.

"Dúró níbẹ̀," ló máa ń sọ. "Mò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."