Àkàrà Ìdúpẹ́

Nígbà ààwẹ̀ ọdún 1982 ni Sìlífátù, ọmọ Jùbrílù aládìrẹ, kú. Ọjọ́ Ajé ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ara rẹ̀ ti gbóná, ó ń sọ kántankàntan, kí wọ́n sì tó rí mọ́tò tí yóò gbé e kúrò ní Ìtòkú, ó ti kú. Dókítà kò fojú kàn án. Bí ikú bá dé báyìí tí kò sọ ohun tó bá wá, àwa èèyàn kì í pẹ́ rí ẹni tí a ó gbé e rù.

Ẹni tí wọ́n rí ni Harriet Olúbọ̀dé, olùkọ́ èdè Yorùbá nílé ìwé ọmọ náà ní Ìbarà. Ikọ́ ife ti dá obìnrin yìí dùbúlẹ̀ ju ọdún kan lọ, àwọn kan tilẹ̀ ti ń pè é ní olóògbé lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́, dókítà ní kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́, ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó rù, ohùn rẹ̀ sì há, àmọ́ kò sí ohun tó wù ú bíi kó tún dúró níwájú pátákó, kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní oríkì àti òwe. Kò bímọ. Kíláàsì yẹn ni ọmọ tó ní.

Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ló padà, ó ní òun yóò fi àkàrà dúpẹ́. Àyà rẹ̀ kò tíì gba èéfín, nítorí náà Tẹjúmádé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bá a dín in. Tẹjúmádé yìí ló ń gbé ọbẹ̀ ẹja lọ bá a ní ọsibítù nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń fọwọ́ bo imú. Òun náà ló ń ṣe adelé nínú kíláàsì rẹ̀. Bí Harriet sì ti dé yìí, Kọ́bapẹ́ ni wọ́n máa dá Tẹjúmádé padà sí lópin sáà, sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Harriet fọwọ́ ara rẹ̀ pín àkàrà náà fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, Sìlífátù pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ó rẹ̀ ẹ́, ó jáde lọ jókòó sábẹ́ igi. Tẹjúmádé ló kù pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Kí wọ́n tó ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ Sìlífátù, ọ̀rọ̀ ti gba ìlú. Wọ́n ní Harriet ìbá ti kú, ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ló fi pààrọ̀ tirẹ̀, inú àkàrà ló sì gbé e gbà. Wọ́n ní òwìwí ké lórí òrùlé rẹ̀ mọ́jú ọjọ́ tí ọmọ náà kú. Àdán tó ń wá jẹ máńgòrò níwájú ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ di ẹgbẹ́ tó ń pàdé. Àdán ti ń jẹ máńgòrò yẹn kí Harriet tó kó débẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè? Nídìí omi ẹ̀rọ, obìnrin kan wojú rẹ̀, ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí." Kò parí òwe náà. Olùkọ́ èdè ni Harriet, ó mọ ìparí rẹ̀.

Ti kíláàsì ló dùn ún jù. Bó bá wọlé, àwọn ọmọ á dìde, wọn ò ní kí i. Bó bá pe orúkọ, wọ́n á wolẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn nílé pé ẹni tó bá dá a lóhùn ti jẹ́ ìpè àjẹ́ nìyẹn. Báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ ọmọ tí kò ní lanu ní èdè?

Tẹjúmádé wá kí i nírọ̀lẹ́, ó ń rọ̀ ọ́ pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Harriet kọ̀.

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwọ lo dín in," ó wí. "Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ya bò ọ́."

"Ọlọ́run á san án fún ọ," ni Tẹjúmádé dáhùn, kò sì pẹ́ tó fi dìde.

Kánò ni Jùbrílù wà tó ń ta aṣọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú. Ọ̀rọ̀ àkàrà ló pàdé nílé, kò sì dúró gbọ́ òmíràn. Ó mú ìyá rẹ̀, Ìyá Sàfúrátù, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ. Wọ́n pe Harriet. Ọ̀gá ní òun kò gba àjẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn òbí ti ń yọ ọmọ wọn, ẹnìkan sì wà tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Bí ẹ̀rí náà bá dúró, kí Harriet má padà wá mọ́. Ó ní kí ẹni náà wọlé.

Tẹjúmádé ló wọlé. Harriet rò pé ọ̀rẹ́ òun wá gbèjà òun ni, ó tilẹ̀ sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.

"Ojú mi ló ṣe," Tẹjúmádé wí, ògiri ló ń wò. "Ó fún ọmọ náà ní àkàrà méjì. Ibẹ̀ ló ti jẹ ẹ́ tán, ó tún ń pọ́n ọwọ́ lá."

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Harriet ti ń kọ́ ọmọ ní òwe yìí láti ọjọ́ pípẹ́, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ó fẹ́ sọ ẹni tó dín àkàrà náà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti ṣáájú rẹ̀.

Ìyá Sàfúrátù ló sọ̀rọ̀. "Ọ̀sán gangan lo rí i tó jẹ ẹ́?"

"Ọ̀sán ni, Mà."

"Sìlífátù ń gbààwẹ̀. Ọdún yìí ló kọ́kọ́ bá wa gbà á, kò sì já a lọ́jọ́ kan." Omi ti lé sójú ìyá àgbà náà. "Ó wé àkàrà yẹn wálé fún mi. Ó ní orí ń fọ́ òun, kò wu òun jẹ. Èmi ni mo fi ṣínu, méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè láti ọjọ́ náà. Èmi rèé."

Ilé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí Tẹjúmádé sí, tí wọn kì í jí sàárì. Ó ti to irọ́ rẹ̀ dáadáa, ààwẹ̀ nìkan ló gbàgbé. Jùbrílù dọ̀bálẹ̀ fún Harriet, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ní kó máa lọ sí kíláàsì rẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bá Tẹjúmádé tó fara ti òpó.

"Kí ló dé tí o fi ń gbé ọbẹ̀ wá bọ́ mi ní ọsibítù?" Harriet béèrè.

Tẹjúmádé ní, "Mi ò rò pé wàá padà."

Harriet kọjá lára rẹ̀, ó wọ kíláàsì. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n kí i pa pọ̀. Wọ́n tún un kí kó tó lè dá wọn lóhùn.